Ọ̀tà, Ọ̀tá, Ọta: Bí Lẹ́tà Yorùbá Ṣe Rí Ibùjókòó Nínú Kọ̀ǹpútà

Ẹni tí ó bá ń ti Èkó bọ̀ tí ó kọjá Tollgate, kí ó tó dé abẹ́ afárá Ṣàngó, yóò ti ka orúkọ ìlú Àwórì yìí lọ́nà àìmọye: lára pátákó ilé-iṣẹ́, lára ọkọ̀ èrò, lójú ilé ìfowópamọ́. “Ota” ni gbogbo wọn kọ. Kò sí àmì lórí, kò sí àmì nísàlẹ̀. Onílé kò ní ṣì í kà, nítorí ó ti mọ ibi tí ó ń lọ. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé ọ̀rọ̀ kan náà síwájú akẹ́kọ̀ọ́ tí kò dé ìpínlẹ̀ Ògùn rí, Ọ̀tà tí í ṣe ìlú lè di ọ̀tá tí í bá ni jà, ó sì lè di ọta tí ọdẹ ń kì sínú ìbọn. Ṣàngó tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò sàn jù ú lọ. “Sango” ni òun náà ń jẹ́ lójú títì.

Ó rọrùn láti dá ẹni tí ó kun pátákó lẹ́bi, tàbí ọmọbìnrin tí ó ń táìpù ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà. Ìtàn kò jẹ́ kí ẹ̀bi náà mọ sọ́dọ̀ wọn. Fún ọdún gbọọrọ, irinṣẹ́ tí a fi lé wọn lọ́wọ́ kò mọ ẹ, kò mọ ọ, kò sì mọ ṣ. Bí àwọn lẹ́tà wọ̀nyí ṣe wọ inú irinṣẹ́ náà kò ṣeé sọ láìdárúkọ àwọn ènìyàn kan tí wọ́n gbà pé kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ti ìlẹ̀kùn mọ́ iṣẹ́ inú kọ̀ǹpútà.

Èdè Yorùbá kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bá irinṣẹ́ ìkọ̀wé jìjàkadì. Samuel Ajayi Crowther gbé àkójọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ jáde ní 1843. Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn ní Abẹ́òkúta ní 1859. Ní 1875 ni ìjọ CMS pe ìpàdé ní Èkó láti fẹnu kò lórí àkọtọ́. Ní gbogbo ìgbà wọ̀nyẹn, òjé ni a fi ń rọ lẹ́tà ìtẹ̀wé. Atẹ̀wé tí kò bá ní lẹ́tà tí ó ní àmì nísàlẹ̀ lè ní kí a rọ ọ́ fún òun. Nígbà tí ẹ̀rọ táípù dé, ẹni tí ó ń lò ó lè dá a padà sẹ́yìn díẹ̀, kí ó tẹ ilà sábẹ́ e tàbí o. Ó lè má lẹ́wà, ṣùgbọ́n ọwọ́ òṣìṣẹ́ ni àtúnṣe wà. Kọ̀ǹpútà ni ó gba àtúnṣe lọ́wọ́ òṣìṣẹ́.

Àwọn kọ̀ǹpútà tí ó gbòde ní Nàìjíríà láàárín 1990 sí 2000 ń to lẹ́tà sínú àtẹ tí kò ní ju àyè 256 lọ. Àwọn tí wọ́n ṣe àtẹ náà fún ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù fi é àti è sí i nítorí èdè Faransé, wọ́n fi ñ sí i nítorí èdè Sípéènì. Kò sẹ́ni tí ó rántí ẹ. Yorùbá wá lè fi àmì ohùn sórí e lórí ẹ̀rọ náà, ṣùgbọ́n kò lè kọ ẹ rárá. Àwọn ọlọ́gbọ́n wá ọgbọ́n sí i: wọ́n ṣe fọ́ǹtì tí wọ́n ti yọ àmì kan tí a kì í sábà lò, wọ́n sì gbé ẹ jókòó sí ipò rẹ̀. Ẹni tí ó bá ní fọ́ǹtì náà yóò rí ẹ. Ẹni tí kò bá ní i yóò rí àmì owó ilẹ̀ òkèèrè tàbí lẹ́tà tí kò jọ nǹkan kan. Níwọ̀n bí fọ́ǹtì kọ̀ọ̀kan sì ti ní ipò tirẹ̀ fún ẹ, iṣẹ́ tí a tẹ̀ ní Ṣàngó lè ti di ìsọkúsọ kí ó tó dé Abẹ́òkúta nínú dísíìkì. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ fi máa ń tẹ ìbéèrè ìdánwò ní òkú ọ̀rọ̀ láìlámì, tí wọ́n á wá mú báírò, tí wọ́n á máa kán àmì sí i lẹ́yọ lẹ́yọ kí wọ́n tó ṣe ẹ̀dà rẹ̀ fún àwọn ọmọ. Àṣà náà kò tíì kú tán.

Èéṣe tí ẹnikẹ́ni kò fi wulẹ̀ ki ọwọ́ bọ inú ẹ̀rọ náà kí ó fi ẹ sí i? Nítorí pé ẹni tí ó ra sọ́fítíwíà kò ra ohun tí a fi ṣe é. Kóòdù rẹ̀, ìyẹn ìlànà tí akọ́mọṣẹ́ kọ sílẹ̀ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀lé, wà ní ìkáwọ́ ilé-iṣẹ́ tí ó tà á, gẹ́gẹ́ bí ilé-iṣẹ́ ńlá lójú ọ̀nà Ìdírọ́kọ̀ kò ṣe ní gbé ìwé àpòpọ̀ ọjà rẹ̀ lé oníbàárà lọ́wọ́. Irú ìlẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ ni Richard Stallman kọlù ní nǹkan bí ọdún 1980 ní yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà. Púríńtà tí Xerox fún ilé ìwádìí wọn máa ń há ìwé sẹ́nu. Stallman fẹ́ tún sọ́fítíwíà rẹ̀ ṣe kí ó lè máa ta ẹni tí ìwé rẹ̀ há lólobó. Ó lọ bá ọ̀mọ̀wé kan ní Carnegie Mellon tí kóòdù náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Onítọ̀hún ní òun ti ṣèlérí pé òun kò ní fún ẹnikẹ́ni. Ní oṣù Kẹsàn-án 1983, Stallman kéde iṣẹ́ GNU. Ìwé àṣẹ GPL jáde ní 1989. Ní 1991, Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ ní Helsinki, gbé Linux síta, ó sì fi í sábẹ́ ìwé àṣẹ náà lọ́dún tí ó tẹ̀lé e.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì kó wọn sí wàhálà níbi orúkọ. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó ní fún ohun tí a kò sanwó fún àti fún ẹni tí kò sí nínú ìdè, nítorí náà ni Stallman ṣe ń ṣàlàyé láti ìgbà náà. Yorùbá kò ní ìṣòro yẹn: ọ̀fẹ́ yàtọ̀, òmìnira yàtọ̀. Ní 1998 àwọn kan fi orúkọ mìíràn rọ́pò rẹ̀, wọ́n pè é ní open source, ìyẹn ni pé orísun rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Nínú ohun tí àgbẹ̀ ilẹ̀ yìí mọ̀, àáró ni ó sún mọ́ ọn jù. Nínú ọ̀wẹ̀, olóko pe ènìyàn, wọ́n bá a ṣiṣẹ́, ó bọ́ wọn, ó parí. Nínú àáró, ẹni tí a bá bá ro oko rẹ̀ lónìí gbọ́dọ̀ jáde lọ́la láti ro ti ẹnìkejì. Àáró ni GPL: ẹni tí ó bá tún sọ́fítíwíà náà ṣe tí ó sì pín in fún ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ jẹ́ kí kóòdù tirẹ̀ náà ṣí sílẹ̀. Ìwé àṣẹ mìíràn wà tí kò béèrè ohunkóhun padà. Ọ̀wẹ̀ ni ìyẹn.

Ó yẹ kí irú nǹkan báyìí tètè gbilẹ̀ níbi tí owó kò pọ̀. Kò gbilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Windows ayédèrú ni ó dí i lọ́nà. Ní Computer Village ní Ìkẹjà àti ní àwọn ìsọ̀ kéékèèké káàkiri, owó tí kò tó nǹkan ni a fi ń ra CD rẹ̀, nígbà tí àtifa Linux wálẹ̀ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì ní káfè lè gba odidi ọjọ́. Ẹni tí ó ti ń lo ohun olówó iyebíye láìsanwó kò rí ìdí tí òun yóò fi wá ọ̀fẹ́ kiri. Ti òmìnira kò sì sí lọ́kàn rẹ̀. Ubuntu, tí Mark Shuttleworth ará Gúúsù Áfíríkà dá sílẹ̀ ní 2004, ń fi CD ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ sí ẹni tí ó bá béèrè títí di 2011. Ní Èkó, ilé-iṣẹ́ Leapsoft ṣe Wazobia Linux, tí ó fẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa sọ Yorùbá, Haúsá àti Ìgbò. Orúkọ rere ni, ṣùgbọ́n kò pẹ́ lọ́jà.

Ọdún 2007 ni ọ̀rọ̀ náà gbóná jù. Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, tí oko rẹ̀ wà ní Ọ̀tà, tí Bells University rẹ̀ sì wà níbẹ̀ láti 2005, ni ó wà lórí oyè nígbà tí ìròyìn kàn pé Nàìjíríà yóò ra mílíọ̀nù kan nínú àwọn kọ̀ǹpútà aláwọ̀ ewé ti One Laptop per Child, tí Linux wà nínú wọn. Ilé-ìwé Galadima ní Àbújá ni wọ́n ti dán an wò. Ọbásanjọ́ kúrò lórí oyè ní oṣù Karùn-ún. Mílíọ̀nù náà kò dé. Nígbà tí ó ṣe, ilé-iṣẹ́ Mandriva ti ilẹ̀ Faransé ní Linux tiwọn ni yóò wà nínú kọ̀ǹpútà Classmate 17,000 tí Intel ń kó bọ̀ fún àwọn ilé-ìwé Nàìjíríà. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá, François Bancilhon, ọ̀gá Mandriva, ti kọ lẹ́tà gbangba sí Steve Ballmer ti Microsoft pẹ̀lú ìbínú: oníbàárà ní òun yóò sanwó Linux, ṣùgbọ́n òun yóò pa á rẹ́, òun yóò fi Windows rọ́pò rẹ̀. Microsoft kò gbà pé àwọn rú òfin. Ní oṣù Kọkànlá, USPF, àjọ ìjọba tí ń sanwó púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ náà, ní Mandriva ni àwọn yóò lò.

Ní oṣù Kọkànlá yẹn kan náà ni LANCOR, ilé-iṣẹ́ Adé Oyègbọ́la, gbé One Laptop per Child lọ sílé ẹjọ́ ní Èkó. LANCOR ni ó ṣe kíbọ́ọ̀dù Konyin, tí ó ní bọ́tìnnì Shift àfikún fún àmì orí àti àmì ìsàlẹ̀. Ó ní wọ́n jí ọgbọ́n òun lò. Àwọn olùjẹ́jọ́ sẹ́. Ẹjọ́ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ yẹpẹrẹ. Ẹni tí ó lo ọpọlọ àti owó rẹ̀ sórí lẹ́tà àwọn ènìyàn rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti jẹ èrè iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọ̀nà àtitẹ ẹ bá di ohun ìní ẹnìkan, ọmọ ilé-ìwé ní Ìjú Ọ̀tà yóò máa gba àṣẹ kí ó tó lè kọ orúkọ ìlú rẹ̀.

Iṣẹ́ tí ó tú lẹ́tà wọ̀nyí sílẹ̀ ń lọ níbòmíràn láìsí ariwo. Àtẹ tuntun, Unicode, bẹ̀rẹ̀ ní 1991, ó sì fi àyè sílẹ̀ fún lẹ́tà gbogbo ayé. Ẹ àti ọ rí àyè níbẹ̀ ní 1993, bóyá kì í tilẹ̀ ṣe nítorí Yorùbá nìkan. Vietnam náà ń lò wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ tí ó ní àmì ohùn lórí kò ní àyè ti ara rẹ̀: ẹ ni a óò kọ́kọ́ tẹ̀, a óò wá tẹ àmì lé e. Bí fọ́ǹtì kò bá mọ ibi tí ó yẹ kí àmì náà bà sí, yóò bà sí ẹ̀gbẹ́, tàbí kí ó gun lẹ́tà tí ó wà níwájú. Fọ́ǹtì ni ọ̀rọ̀ kù sí, níbẹ̀ gan-an sì ni ìyàtọ̀ ọ̀fẹ́ àti òmìnira ti hàn. Ilé-iṣẹ́ Bitstream fi fọ́ǹtì Vera sílẹ̀ ní 2003. Ó dára lójú, ṣùgbọ́n kò ní lẹ́tà wa. Ìbá ṣe pé ọ̀fẹ́ nìkan ni, ibẹ̀ ni ìtàn ìbá parí sí. Ìwé àṣẹ rẹ̀ gba àtúnṣe láàyè, nítorí náà ni Štěpán Roh ṣe bẹ̀rẹ̀ DejaVu láti ara rẹ̀ ní 2004, tí àwọn mìíràn bá a dá sí i, tí wọ́n fi lẹ́tà èdè púpọ̀ kún un, tí ti Yorùbá sì wà lára wọn. Gentium, tí Victor Gaultney ti SIL yà, wà lábẹ́ irú àṣẹ bẹ́ẹ̀. Linux náà ní kíbọ́ọ̀dù Nàìjíríà nínú, Yorùbá sì ní ipò tirẹ̀ lábẹ́ rẹ̀.

Kò ní jẹ́ òdodo bí a bá ní olómìnira nìkan ni ó ṣiṣẹ́. Ní Ìbàdàn, Túndé Adégbọlá àti àjọ Alt-i bá Microsoft ṣiṣẹ́ kí Windows lè sọ Yorùbá, àwọn tí kò sì fọwọ́ kan Linux rí jẹ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn ọ̀dọ́ ń kọ́ lónìí, orí ìpìlẹ̀ tí ó ṣí sílẹ̀ ni. Kọ́lá Túbọ̀sún bẹ̀rẹ̀ àká orúkọ Yorùbá ní 2015, kóòdù rẹ̀ sì wà ní gbangba. Ní 2018, Iroro Orife gbé sọ́fítíwíà kan jáde tí ó ń dá àmì padà sórí ọ̀rọ̀ tí a ti kọ láìlámì. Kóòdù tirẹ̀ náà ṣí sílẹ̀. Báírò olùkọ́ ti rí igbákejì.

Ọ̀tà kò jìnnà sí gbogbo èyí. Covenant University, tí ó wà ní Canaanland láti 2002, ń fi EPrints tọ́jú iṣẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé rẹ̀. Sọ́fítíwíà olómìnira ni, yunifásítì Southampton ni ó ti wá. EPrints mọ Unicode, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ orúkọ Yorùbá ni ó wà níbẹ̀ láìní àmì, nítorí bí àwọn onímọ̀ náà ṣe kọ ọ́ fúnra wọn nìyẹn. Linux ni ìpìlẹ̀ Android, nítorí náà òun ni ó wà lápò púpọ̀ nínú àwọn òṣìṣẹ́ tí ń tú jáde lẹ́nu géètì ilé-iṣẹ́ nírọ̀lẹ́, bí wọn kò tilẹ̀ gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Akọ̀wé tí ó bá ní Ubuntu ní ìsọ̀ rẹ̀ lábẹ́ afárá lè ṣí àkójọ kíbọ́ọ̀dù, kí ó yan Nàìjíríà, kí ó yan Yorùbá, kí ó tẹ Ọ̀tà pẹ̀lú àmì rẹ̀ pé pérépéré. Bí ó bá gbójú sókè, pátákó tí ó dojú kọ ọ́ ṣì ń kọ “Ota”.