Ilé Hílẹ́lì: Bí Àwọn Júù Ti Pa Ẹ̀kọ́ Baba Wọn Mọ́ Lẹ́bàá Yunifásítì, àti Ohun Tí Ó Kàn Wá Níbẹ̀

Ẹ̀yin baba, ẹ̀yin ìyá, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ nínú ìjọ, ìtàn tí mo fẹ́ sọ fún yín ní ìrọ̀lẹ́ yìí bẹ̀rẹ̀ lórí òrùlé ilé kan ní Jerúsálẹ́mù.

Ní ìwọ̀n ìran kan kí a tó bí Olúwa wa, ọkùnrin kan gòkè wá láti ilẹ̀ Bábílónì láti kọ́ ẹ̀kọ́ Òfin. Hílẹ́lì ni orúkọ rẹ̀. Tálákà ni, alágbàṣe sì ni. Àwọn Júù kọ ọ́ sínú ìwé Talmud pé a máa pín owó iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ sí méjì: ìdajì kan ni ó fi ń bọ́ ara rẹ̀ àti àwọn ará ilé rẹ̀, ìdajì kejì ni ó ń san fún aṣọ́nà ilé ẹ̀kọ́ kí ó tó lè wọlé. Ó sì ṣe ní ọjọ́ kan, ní ìgbà òtútù, tí ọjọ́ ìsinmi fẹ́rẹ̀ẹ́ wọlé, Hílẹ́lì kò rí iṣẹ́ ṣe, aṣọ́nà kò sì jẹ́ kí ó kọjá. Ó gun orí òrùlé lọ, ó dojú bolẹ̀ níbi ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé, ó sì ń gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn olùkọ́ méjì tí ń bẹ nísàlẹ̀. Òjò dídì rọ̀ ní òru náà, ó bò ó mọ́lẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ilé kò mọ́. Àwọn olùkọ́ gbójú sókè, wọ́n rí àwòrán ènìyàn lójú ihò. Wọ́n gbé e sọ̀kalẹ̀, wọ́n wẹ̀ ẹ́, wọ́n fi òróró pa á lára, àti pẹ̀lú pé ọjọ́ ìsinmi ni, wọ́n dá iná kí ó lè yá. Ọkùnrin yìí ni ó wá di olórí olùkọ́ ní Ísírẹ́lì. Gàmálíẹ́lì, tí Pọ́ọ̀lù Àpọ́sítélì kọ́ ẹ̀kọ́ lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀, ni àwọn Júù ń pè ní ọmọ ọmọ rẹ̀.

Ìdí tí mo fi fi ìtàn yìí ṣáájú ni èyí. Ní ọdún 1923, nígbà tí àwọn Júù ní Amẹ́ríkà dá ilé kan sílẹ̀ lẹ́bàá Yunifásítì, kí àwọn ọmọ wọn lè máa kọ́ ẹ̀kọ́ baba wọn níbẹ̀, orúkọ ọkùnrin orí òrùlé yìí ni wọ́n fi sọ ilé náà. Bí ó ti bẹ̀rẹ̀, ohun tí ó fà á, àti ohun tí ó kàn wá nínú rẹ̀, ni ọ̀rọ̀ mi yóò dá lé. Nítorí pé àwa ará Agboyi náà ń rán ọmọ lọ. Àwọn tí à ń fi ọkọ̀ gbé kọjá odò lọ sí ìhà Kétu láti kàwé, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń dé Yábàá àti Akọka, àti ilẹ̀ tí ó jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ. A mọ ọjọ́ tí wọ́n jáde. Irú ẹni tí yóò padà wá ni a kò mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí ilẹ̀kùn ilé ẹ̀kọ́ gíga ti rí fún àwọn Júù ní ìgbà àtijọ́. Ní Oxford àti Cambridge, ẹni tí kò bá fi ọwọ́ sí ìlànà ìgbàgbọ́ Ìjọ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò lè gba oyè. Kì í ṣe Júù nìkan ni òfin yìí tì síta. Ó ti àwọn Onítẹ̀bọmi pẹ̀lú, àti gbogbo onígbàgbọ́ tí ọkàn rẹ̀ kò jẹ́ kí ó fọwọ́ sí i. Ní ọdún 1828 ni a ṣí Kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Lọ́ńdọ̀nù tí kò bi ẹnikẹ́ni léèrè irú ìgbàgbọ́ tí ó ní kí ó tó gbà á wọlé. Isaac Lyon Goldsmid, ọlọ́rọ̀ kan nínú àwọn Júù, wà lára àwọn tí ó sapá jù lọ kí ó lè fìdí múlẹ̀. Oxford ṣí ọ̀nà oyè àkọ́kọ́ sílẹ̀ ní 1854, Cambridge ní 1856, òfin Pálámẹ́ǹtì ti ọdún 1871 sì mú èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìdènà yòókù kúrò.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, ewu mìíràn ti ń dúró nínú ilé. Ọmọ tí ó wọlé mọ gbogbo ìtàn Gíríìkì àti Róòmù, kò mọ ti Ísírẹ́lì. Ó ń tijú orúkọ baba rẹ̀ láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ní ọdún 1906, àwọn ọmọ Júù tí ó wà ní Harvard, ní Amẹ́ríkà, rí èyí, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ láti máa kọ́ ìtàn àti ìwé àwọn ènìyàn wọn. Menorah ni wọ́n pè é, èyí tí í ṣe ọ̀pá fìtílà tí a kà nípa rẹ̀ nínú ìwé Ẹ́kísódù. Kò sì pẹ́ tí ó fi hàn gbangba pé ẹni tí ó bá tilẹ̀ sọ ti ilé nù kò tíì rí ojú rere òde gbà: ní 1922, olórí Harvard fúnra rẹ̀, Lowell, dámọ̀ràn pé kí a dín iye ọmọ Júù tí à ń gbà wọlé kù.

Ẹni tí ó ta àwọn àgbà Júù jí jù lọ kì í ṣe Júù. Ọ̀jọ̀gbọ́n Edward Chauncey Baldwin, tí í ṣe onígbàgbọ́ Kristi, ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Bíbélì ní Yunifásítì Illinois. Ó ṣàkíyèsí pé àwọn ọmọ Júù tí ó jókòó níwájú rẹ̀ kò mọ Ìwé Mímọ́ tí ó ti ọwọ́ àwọn baba wọn wá. Ó bà á nínú jẹ́. Kò fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà, kò sì wí pé àyè ṣí sílẹ̀ fún òun láti fà wọ́n kúrò lọ́dọ̀ àwọn ènìyàn wọn. Ó tọ àwọn Júù lọ, ó sì rọ̀ wọ́n pé kí wọ́n wá nǹkan ṣe sí i. Rábì ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Benjamin Frankel, ni ó gba iṣẹ́ náà ní 1923. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, B'nai B'rith, ẹgbẹ́ àwọn Ọmọ Májẹ̀mú tí a ti dá sílẹ̀ ní New York láti ọdún 1843, gbé ẹrù rẹ̀ rù. Frankel kò pẹ́ láyé: ní 1927 ni ó kú, ní ẹni ọgbọ̀n ọdún. Ṣùgbọ́n Wisconsin ti ní irú ilé náà ní 1924, Ohio sì ní tirẹ̀ ní 1925. Lónìí, àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga tí iṣẹ́ Hílẹ́lì ti ń lọ ju 500 lọ.

Kí ni wọ́n ń ṣe nínú ilé náà? Ẹ gbọ́, nítorí kò sí ohun àrà níbẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, nígbà tí ọjọ́ ìsinmi wọn bá wọlé, wọ́n tan fìtílà, wọ́n gbàdúrà, wọ́n sì jọ jẹun. Ní àsìkò Ìrékọjá, ọmọ tí kò lè lọ sí ilé rí tábìlì kan jókòó sí, a sì tún ìtàn ìjáde kúrò ní Íjíbítì sọ létí rẹ̀. Ẹni tí kò mọ álífábẹ́ẹ̀tì Hébérù bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ka Òfin àti àwọn Wòlíì, wọ́n jiyàn lórí ẹsẹ kan títí ilẹ̀ fi ṣú, wọ́n kọrin, wọ́n ṣe eré ìtàn, wọ́n pe àwọn ọ̀mọ̀wé wá sọ̀rọ̀. Ní ọ̀sán, ọmọ náà jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ bí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́. Ní ìrọ̀lẹ́, ó tún jẹ́ ọmọ ilé rẹ̀. Ilé Hílẹ́lì kò sọ fún un pé kí ó yan ọ̀kan.

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe eré ọmọdé. Ní oṣù kẹrin ọdún 1933, ìjọba Hitler ní Jámánì ṣe òfin pé kí iye ọmọ Júù tí a óò máa gbà sí ilé ẹ̀kọ́ má ṣe ju 3 lọ nínú 200. Ní 1938 a lé àwọn tí ó kù kúrò pátápátá ní ilé ìwé ìjọba. Àwọn tí ó ti rò pé àwọn ti di ará ilẹ̀ náà tán wá rí i pé ohun tí a kò lè gbà lọ́wọ́ wọn ni ohun tí wọ́n kọ́ nílé.

Ẹnìkan lè wí pé, Kí ni ti Agboyi nínú ọ̀ràn Júù? Ẹ má ṣe rò pé ìtàn yìí jìnnà sí wa. Kọ́lẹ́ẹ̀jì Fourah Bay ní Sàró, tí àwọn C.M.S. dá sílẹ̀ ní 1827, ni Samuel Ajayi Crowther ti wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́. Láàárín 1847 sí 1853, Sigismund Koelle, ọmọ Jámánì, ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní èdè Hébérù níbẹ̀. Ọmọ àwọn tí a gbà là lọ́wọ́ ọkọ̀ olówò ẹrú jókòó, wọ́n ń ka èdè Mósè! Ẹ sì wo ohun tí Crowther fi ẹ̀kọ́ rẹ̀ ṣe. Kò fi í bo èdè ìyá rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843. Ní 1884 ni ìtumọ̀ Bíbélì tí òun ṣe olórí rẹ̀ parí. Ìwé tí ó wà lọ́wọ́ yín ní ìrọ̀lẹ́ yìí ni.

Ẹ tún gbọ́ ti Edward Wilmot Blyden. Ní 1832 ni a bí i ní erékùṣù St. Thomas, láàárín àwọn Júù. Ó sọ pé ní Ọjọ́ Ètùtù, òun àti àwọn ọmọdé ẹgbẹ́ òun a máa dúró ní orí òkè tí ó ga ju sínágọ́gù lọ, wọn a sì máa wo àwọn olùjọsìn nísàlẹ̀ pẹ̀lú ìbẹ̀rù ọlọ́wọ̀. Bí ti Hílẹ́lì, láti òkè ni ó ti kọ́kọ́ gbọ́. Ó kọ́ Hébérù, ó di olùkọ́ ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Làìbéríà, ó sì wá sí Èkó níhìn-ín ní 1890, àti ní 1896 láti ṣe iṣẹ́ ìjọba. Ní 1898 ó tẹ ìwé kékeré kan jáde lórí ọ̀ràn àwọn Júù. Ohun tí ó ń wí fún àwọn ará Èkó nígbà gbogbo ni pé kí ọmọ Áfíríkà má ṣe di òjìji ẹlòmíràn nítorí ìwé.

Ẹni kẹta ni Ládípọ̀ Ṣólánkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta, tí ó kàwé ní St. Andrew's ní Ọ̀yọ́ àti ní Fourah Bay. Nígbà tí ó dé Lọ́ńdọ̀nù láti kọ́ òfin, ó rí i bí àwọn onílé ti ń ti ilẹ̀kùn mọ́ akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹjọ ọdún 1925, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dá Ẹgbẹ́ Akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀, tí a ń pè ní WASU. Yorùbá wo ni yóò gbọ́ orúkọ yìí tí kò ní rántí wàásù? Ó rin ìrìn àjò káàkiri ilẹ̀ wa láti 1929 títí di 1932, ó ń gba owó lọ́wọ́ ọba àti lọ́wọ́ mẹ̀kúnnù, títí a fi ṣí ilé akẹ́kọ̀ọ́ náà ní Camden Road ní 1933. Hílẹ́lì ní 1923, WASU ní 1925: ìyà kan náà ni ó kọ́ ènìyàn méjì tí wọn kò mọra wọn ní ọgbọ́n kan náà.

Ó kù kí n sọ èyí tí ó le. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ wa tí ó ti ilé ẹ̀kọ́ gíga dé kò lè ka orí kan nínú Bíbélì Yorùbá ní gbangba ìjọ láìkọsẹ̀. Wọ́n mọ ìran Ábúráhámù dé ọ̀dọ̀ Dáfídì. Wọn kò mọ ẹni tí ó kọ́kọ́ tẹ ọkọ̀ gúnlẹ̀ sí Agboyi. A ń bá wọn wí, ṣùgbọ́n àwa ni a wí fún wọn pé Gẹ̀ẹ́sì ni oúnjẹ, kí wọ́n fi Yorùbá sílẹ̀. Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀ yóò gbẹ. Àwa tí ń gbé etí odò kò yẹ kí a ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́ òwe náà.

N kò wí pé kí a di Júù, tàbí kí a gba àjọ wọn ṣe. Ìtọ́jú wọn ni mo ní kí a kọ́. Ilé ńlá kọ́ ni Frankel fi bẹ̀rẹ̀. Bí ìdílé kan nínú ìjọ yìí bá lè pe ọmọ ilé ìwé gíga méjì tàbí mẹ́ta sí oúnjẹ lẹ́ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀. Bí àgbà kan bá lè jókòó tì wọ́n, kí wọ́n jọ ka orí kan nínú Bíbélì Crowther, kí ó sì sọ ìtàn kan nípa ìlú yìí tí a kò tíì kọ sílẹ̀. Bí a bá ń ṣe èyí láìdá, ẹ̀kọ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà ní Jerúsálẹ́mù, àwọn olùkọ́ kò ṣe ju pé wọ́n rí i pé ilé ṣókùnkùn, wọ́n sì gbójú sókè. Ẹ jẹ́ kí àwa náà gbójú sókè. Kí Olúwa fún wa ní ọwọ́ tí yóò gbé ọmọ náà sọ̀kalẹ̀. Àmín.