Ìṣẹ́tí Aṣọ: Orírun Ọ̀rọ̀ náà àti Ìtumọ̀ Rẹ̀

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tí ń múra ìdánwò ni ó máa ń túmọ̀ ìṣẹ́tí sí iṣẹ́ tí a ṣe sí etí aṣọ. Ìtumọ̀ yìí fani mọ́ra, ṣùgbọ́n ohùn ọ̀rọ̀ náà kò tì í lẹ́yìn. Ohùn àárín ni ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ohùn ìsàlẹ̀ ni ó bẹ̀rẹ̀ ìṣẹ́tí. Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ì- ni èyí. Ṣẹ́ àti etí di ṣẹ́tí nípa ìpajẹ fáwẹ̀lì, gẹ́gẹ́ bí ṣẹ́ àti ogun ṣe di ṣẹ́gun. A sì ṣẹ̀dá ìṣẹ́tí bí a ti ṣẹ̀dá ìṣẹ́gun.

Kí ni a ń ṣẹ́? Ẹ jẹ́ kí a wo aṣọ òfì. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì kì í tú, nítorí pé òwú tí ó dábùú a máa yí padà níbẹ̀. Ibi tí a bá ti gé e ni ó ń tú. Aránṣọ yóò ṣẹ́ ibẹ̀ wọ inú, yóò sì rán an mọ́lẹ̀. Bí a kò bá ṣẹ́ ẹ, a lè lọ́ òwú tí ó ṣẹ́ kù kí ó máa fì: wajawaja nìyẹn. Àwọn Òṣùgbó Ìjẹ̀bú a máa fi aṣọ tí ó ní wajawaja lé èjìká. Ìṣẹ́tí ń fi òpin aṣọ pamọ́. Wajawaja ń fi í ṣe ọ̀ṣọ́.

Bíbélì Yorùbá, tí a parí ìtumọ̀ rẹ̀ ní 1884, kò da méjèèjì pọ̀: wajawaja ni ti Númérì 15:38, ìṣẹ́tí ni ti Mátíù 9:20. Ṣùgbọ́n iṣẹti lásán, láìsí àmì ohùn, ni ọ̀pọ̀ ẹ̀dà rẹ̀ tẹ̀.

Ní Ìsọlọ̀, ilé-iṣẹ́ aṣọ Afprint àti Aswani ti kógbá wọlé; orúkọ Aswani ṣẹ́ kù sára ọjà. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá ra ankara lónìí yóò rí orúkọ ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é létí rẹ̀. Etí nìyẹn, kì í ṣe ìṣẹ́tí. Ìgbà tí aránṣọ bá ṣẹ́ ẹ ni orúkọ náà wọ inú ìṣẹ́tí. Gbogbo aṣọ ni ó ní etí. Èyí tí a bá ṣẹ́ nìkan ni ó ní ìṣẹ́tí.

Nítorí náà, kí olùkọ́ má ṣe fojú kéré àmì ohùn. Bí a bá fò ó, ìtàn ọ̀rọ̀ yóò tú bí aṣọ tí a kò ṣẹ́ létí.