Akoto àti Orí Èrò: Ọ̀rọ̀ Ààbò Ọ̀kadà ní Ìsàlẹ̀ Èkó, 2009 sí 2022

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2009, Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó bẹ̀rẹ̀ sí í fi òfin mú ọlọ́kadà àti èrò rẹ̀ jákèjádò Nàìjíríà láti máa dé akoto. Ìròyìn ìgbà náà kún fún ẹ̀rín: àwọn kan fi igbá dérí, àwọn mìíràn fi ike ọ̀dà. Èyí tí a kò yẹ̀ wò tó ni ti èrò tó kọ akoto ọlọ́kadà nítorí ìbẹ̀rù pé oògùn lè wà nínú rẹ̀ tí yóò sọ òun di àwátì. Ọ̀pọ̀ ka ìyẹn sí àìlajú. Ojú tí mo fi wò ó yàtọ̀.

Yorùbá kì í fi orí ṣeré. Orí ni à ń bọ, orí ni à ń bẹ̀. Akoto kan ṣoṣo tó wà lọ́wọ́ ọlọ́kadà ti mu òógùn orí ọ̀pọ̀ àjèjì kí oòrùn tó kàntàrí. Èrò tó ń ronú pé orí ta ló ti wọ inú rẹ̀ ṣáájú tòun ń béèrè ohun tó bá ìlera mu, tó sì bá àṣà mu. Aṣọ tí a lè fi tẹ́ inú akoto, kí a sì pààrọ̀ rẹ̀ fún èrò kọ̀ọ̀kan, ìbá ti dáhùn apá kan nínú ìbéèrè náà. Òfin kò sọ̀rọ̀ débẹ̀.

Ìsàlẹ̀ Èkó kò sì lè ṣe aláìní ọ̀kadà. Láti Ìdúmọ̀tà dé Ẹbúté Èrò, ọjà ti jẹ ojú ọ̀nà, alùpùpù nìkan ló rọrùn fún láti gba àárín ẹrù àti ènìyàn kọjá. (Orúkọ rẹ̀ pàápàá, tó wá láti ara Okada Air tí Gabriel Igbinedion dá sílẹ̀ ní 1983, àpárá ni: bàálù ẹni tí kò lówó bàálù.)

Ní oṣù kẹjọ 2012, Gómìnà Babatunde Fashola buwọ́ lu òfin ìrìnnà tó lé ọ̀kadà kúrò ní ọ̀nà 475. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì 2020, ìjọba Babajide Sanwo-Olu lé e kúrò ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà, Erékùṣù Èkó sì wà lára wọn. Ní oṣù kẹfà 2022, òfin náà tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní àwọn ibẹ̀ kan náà, nítorí ọ̀kadà ti padà. Ìjàm̀bá àti ìwà ọ̀daràn ni ìdí tí ìjọba sọ. Ṣùgbọ́n orí ènìyàn ni òfin 2009 ń ṣọ́. Òpópónà ni àwọn tó tẹ̀ lé e ń ṣọ́. Ọlọ́kadà tó ń sá fún ọlọ́pàá gba kọ̀rọ̀ kò sì rí ìdí tí yóò fi gbé akoto kejì dání fún èrò.