Àwọn Ewéko Olóró Tí Ó Wọ́pọ̀ ní Àyíká Ilé Wa

Ọ̀pọ̀ ewéko tí a ń gbìn fún ẹwà, fún ọgbà tàbí fún ìwòsàn ni ó ní oró nínú. Kì í ṣe gbogbo wọn ni a ní láti hú dànù, ṣùgbọ́n ó yẹ kí òbí, olùkọ́ àti ẹni tí ó ń sin ẹran dá wọn mọ̀. Ọmọ kékeré a máa tọ́ ohun gbogbo wò, ẹran tí ebi ń pa kì í sì í ṣa ewé jẹ.

Olómi-ojò

Igi kékeré ni, ewé rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, àwọ̀ òdòdó rẹ̀ sì dà bí ti ìyeyè. Ó wọ́pọ̀ ní iwájú ilé àti ní ọgbà ilé-ìwé. Gbogbo ara rẹ̀ ni ó ní oró, kóró inú èso rẹ̀ ni ó sì burú jù. Ẹni tí ó bá jẹ ẹ́ yóò máa bì, inú yóò máa run ún, ọkàn rẹ̀ yóò máa lù ségesège, ó sì lè kú.

Làpálàpá

Kóró làpálàpá dùn lẹ́nu bí ẹ̀pà. Ìdí nìyí tí àwọn ọmọdé fi ń pín in jẹ. Ìwọ̀nba kóró mẹ́ta lè fa èébì, inú rírun àti ìgbẹ́ gbuuru, omi ara ọmọ a sì tètè gbẹ. Pé àwọn àgbà ń fi oje rẹ̀ tọ́jú efu ẹnu ọmọ kò sọ kóró rẹ̀ di ohun jíjẹ.

Ojú ológbò àti làrà

Ìtàkùn ni ojú ológbò. Kóró rẹ̀ pupa, ó ní ojú dúdú kan, àwọn ènìyàn sì máa ń sín in bí ìlẹ̀kẹ̀. Bí ọmọ bá gbé odidi rẹ̀ mì, èèpo líle rẹ̀ lè jẹ́ kí ó bá ìgbẹ́ jáde láìṣe é ní ìjàǹbá. Bí ó bá rún un, ẹyọ kan ṣoṣo lè gba ẹ̀mí. Èyí tí a ti lu ihò sí lára tún léwu jù. Oró inú kóró làrà jọ tirẹ̀. Àìsàn náà lè má farahàn fún ọ̀pọ̀ wákàtí, nítorí náà, kí a má ṣe dúró de àmì kí a tó lọ sí ilé ìwòsàn.

Apíkán

Òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí gégemu. Òdòdó rẹ̀ rí bí kàkàkí, èso rẹ̀ sì ní ẹ̀gún. Ó ń mú kí ẹnu gbẹ, kí ara gbóná, kí ọkàn máa sáré, kí ènìyàn máa sọ ìsọkúsọ, kí ó sì máa rí ohun tí kò sí. Ewu kan náà ni ó wà fún ọ̀dọ́ tí ó ń mọ̀ọ́mọ̀ mu ún.

Òdòdó inú ìkòkò àti ẹran ọ̀sìn

Dumb cane, òdòdó eléwé gbàràgàdà tí ó ní àbàwọ́n funfun, ń mú kí ahọ́n àti ọ̀fun wú lójú ẹsẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀rọ̀ kò fi ní lè jáde. Sago palm, tí ó jọ ọ̀pẹ kékeré, ń ba ẹ̀dọ̀ ajá jẹ́. Kóró rẹ̀ ni kí a tètè máa ṣà kúrò nílẹ̀. Ewé àti èèpo ẹ̀gẹ́ tútù náà lè pa ewúrẹ́ àti àgùntàn.

Ohun tí a ní láti ṣe

1. Kí a yọ èyí tí ó kù ní ẹnu ọmọ náà, kí a sì fi omi fọ ẹnu rẹ̀.
2. Kí a má ṣe fún un ní epo pupa, kí a má sì ki ìka bọ̀ ọ́ lọ́fun kí ó lè bì. Epo tàbí èébì lè gba ọ̀nà èémí wọ inú ẹ̀dọ̀fóró.
3. Bí oje bá ta sí ojú, kí a fi omi mímọ́ ṣan án fún ìṣẹ́jú 15, ó kéré tán.
4. Kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tí ó súnmọ́ jù lọ, tàbí kí a pe 112. Kí a mú ewé tàbí kóró náà dání, kí dókítà lè mọ ohun tí ó jẹ.
5. Bí ó bá jẹ́ ẹran ni, kí a tètè kàn sí dókítà ẹranko.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹ yẹ àyíká ilé àti ilé-ìwé yín wò, kí ẹ sì kọ́ àwọn ọmọ pé wọn kò gbọdọ̀ fi èso tí àgbàlagbà kò fún wọn sí ẹnu.