Ọgbọ́n Ìgbèkùn Ni, Wọ́n Pè É Ní Àrùn

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti wo fíìmù Stockholm, èyí tí Robert Budreau darí, tó jáde ní ọdún 2018. Ethan Hawke ló ṣe adigunjalè tó ya wọ báńkì kan ní olú-ìlú Sweden. Noomi Rapace ṣe Bianca, òṣìṣẹ́ báńkì, abilékọ, ìyá ọmọ, tí adigunjalè náà dì mú. Kí fíìmù tó parí, ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ti wọ àárín àwọn méjèèjì. Ẹni tó bá wò ó tán yóò gbà pé bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn: obìnrin kan yó ìfẹ́ ọkùnrin tó na ìbọn sí i, àwọn dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n rí àrùn kan lára rẹ̀, wọ́n sì fi orúkọ ìlú náà pe àrùn ọ̀hún. Ohun kan náà ni àwọn tó wo La Casa de Papel gbà gbọ́. Mónica, tí àwọn adigunjalè dì mú nínú eré yẹn, fẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ó dara pọ̀ mọ́ wọn, Estocolmo sì ni orúkọ tí wọ́n ń pè é.

Nǹkan mẹ́ta ló so pọ̀ nínú ìgbàgbọ́ yìí: ìfẹ́, àyẹ̀wò dókítà, àti àrùn. Kò sí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó lè dúró bí a bá gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 1973. Ó yẹ ká tú u wò lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí àṣìṣe náà ti kọjá ọ̀rọ̀ sinimá. A ti ń fi dá àwọn ènìyàn wa lẹ́jọ́ ní Nàìjíríà níbí.

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 23 oṣù kẹjọ ọdún 1973, Jan-Erik Olsson wọ Kreditbanken ní gbàgede Norrmalmstorg. Ẹlẹ́wọ̀n ni. Wọ́n fún un láyè láti jáde fún ìgbà díẹ̀, kò sì padà. Ó fa ìbọn yọ lábẹ́ ẹ̀wù, ó yìn ín sí àjà. Nígbà tí ọlọ́pàá dé, ó yìnbọn ba ọ̀kan nínú wọn lọ́wọ́. Òṣìṣẹ́ báńkì mẹ́rin ló há mọ́ ọn lọ́wọ́: Kristin Enmark, Elisabeth Oldgren, Birgitta Lundblad àti Sven Säfström. Ó ní òun fẹ́ mílíọ̀nù mẹ́ta owó kronor, ìbọn, akoto, ẹ̀wù ayẹta àti ọkọ̀ tó ń sáré. Ó tún ní kí wọ́n mú Clark Olofsson, ògbóǹtarìgì ọlọ́ṣà, wá bá òun láti ọgbà ẹ̀wọ̀n. Ìjọba mú Olofsson wá, wọ́n sì gbé ọkọ̀ síta, ṣùgbọ́n wọ́n ní kò sí bí àwọn ọlọ́ṣà ṣe lè kó àwọn tí wọ́n dì mú jáde. Báyìí ni gbogbo wọn ṣe há sí báńkì náà, tí wọ́n sì padà di ará yàrá irin tí wọ́n ń kó owó sí, títí di ọjọ́ 28 oṣù náà.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ìfẹ́. Láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn, Kristin Enmark, ẹni ọdún 23, bá Olof Palme, olórí ìjọba Sweden, sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù láti inú báńkì. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí àwọn bá àwọn adigunjalè náà wọkọ̀ lọ. Ó ní òun fọkàn tán wọn, pé ọlọ́pàá gan-an ni òun ń bẹ̀rù, nítorí bí wọ́n bá ya wọlé pẹ̀lú ìbọn, àwọn aláìṣẹ̀ ni yóò kú. Ìpè yìí ni gbogbo ayé ń tọ́ka sí bí ẹ̀rí ìfẹ́. Ẹni tó bá fara balẹ̀ gbọ́ ọ yóò rí i pé ìṣírò ẹ̀mí ló wà nínú rẹ̀. Kristin ń wo ibi tí ikú lè gbà wọlé, ó sì ń wá ibòmíràn tí wọ́n lè gbà jáde. Palme kọ̀. Gẹ́gẹ́ bí Kristin ṣe sọ ọ́ lẹ́yìn náà, ó tilẹ̀ bi í léèrè bóyá kò ní tẹ́ ẹ lọ́rùn láti kú sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Ìdìbò gbogbogbòò kò tó oṣù kan mọ́ nígbà náà, tẹlifíṣọ̀n sì ń gbé gbogbo rẹ̀ sáfẹ́fẹ́.

Ìbẹ̀rù rẹ̀ kì í ṣe àròsọ rárá. Àwọn ọlọ́pàá kò kọ́kọ́ mọ ẹni tí adigunjalè náà jẹ́. Ọlọ́ṣà mìíràn ni wọ́n rò pé ó jẹ́. Wọ́n mú àbúrò ọlọ́ṣà yẹn, ọmọdékùnrin, wá síbẹ̀ pé kí ó lọ pẹ̀tù sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Olsson sì yìnbọn sí wọn. Lẹ́yìn ìyẹn, ọlọ́pàá ti ilẹ̀kùn yàrá irin náà pa mọ́ àwọn ọlọ́ṣà àti àwọn tí wọ́n dì mú lápapọ̀. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í lu ihò láti òkè kí wọ́n lè tú tajútajú sínú yàrá náà. Olsson fi okùn sí àwọn òṣìṣẹ́ náà lọ́rùn, ó ní bí tajútajú bá wọlé tí wọ́n sì dákú, okùn ni yóò fún wọn pa. Ẹ wò ó: okùn wà lọ́rùn rẹ, ẹni tó so ó ń sọ fún ọ pé kò ní pa ọ́ bí wọn kò bá tú tajútajú, o sì ń gbọ́ bí àwọn tó ní àwọn wá gbà ọ́ sílẹ̀ ṣe ń lu ihò lórí rẹ. Ta ni ìwọ yóò bẹ̀ pé kó sinmẹ̀dọ̀? Àwọn àgbà ti dáhùn tipẹ́: bí ọwọ́ ẹni kò bá tíì tẹ èèkù idà, a kì í béèrè ikú tó pa baba ẹni. Láàárín wa, ẹni tó bá fi ohùn tútù bá ẹni tó mú idà lọ́wọ́ sọ̀rọ̀, ọlọgbọ́n là ń pè é.

Àwọn ìtàn kéékèèké méjì tí wọ́n fi ń ti ọ̀rọ̀ ìfẹ́ lẹ́yìn wà nínú àpilẹ̀kọ tí Daniel Lang kọ sínú The New Yorker ní 1974, èyí tí wọ́n gbé fíìmù Budreau kà. Nínú èkíní, ara Elisabeth Oldgren kò gba àhámọ́ yàrá irin náà. Olsson so okùn mọ́ ọn lọ́rùn, ó sì jẹ́ kí ó rìn jáde díẹ̀ kó lè mí. Elisabeth sọ pé àánú ni òun kà á sí. Nínú èkejì, Olsson sọ fún Sven Säfström pé òun yóò yìnbọn sí i lẹ́sẹ̀ kí ọlọ́pàá lè mọ̀ pé òun kò ṣeré, ṣùgbọ́n òun kò ní pa á. Kò padà yin ìbọn náà. Säfström sọ lẹ́yìn náà pé òun rò pé onínúure ni Olsson, pé ẹsẹ̀ nìkan ló fẹ́ yìn. Ẹni tó jókòó sórí àga nílé lè fi èyí rẹ́rìn-ín. Ẹni tó ti wà níwájú ìbọn rí mọ̀ pé nígbà tí ẹni tó lè pa ọ́ bá sọ pé òun kò ní pa ọ́, ìmọ̀lára tó bá ọ kì í ṣe ìfẹ́. Ìdùnnú ẹni tí ikú yẹ̀ lórí rẹ̀ ni.

Fíìmù náà wá kó àwọn ènìyàn wọ̀nyí pọ̀ sára ẹnìkan ṣoṣo. Ìgbéyàwó àti ọmọ Bianca jọ ti Birgitta Lundblad. Ìpè sí olórí ìjọba jẹ́ ti Kristin Enmark, ẹni tí kò tíì lọ́kọ. Ìfẹ́ tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ sì jẹ́ sí ẹni tó dúró fún Olsson, bẹ́ẹ̀ Olofsson ni ó ń tu Kristin nínú jù lọ ní báńkì náà. Òótọ́ ni pé Kristin àti Olofsson tún pàdé lẹ́yìn ìgbà yẹn, tí wọ́n sì di ọ̀rẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ tí a yàn nígbà tí a ti wà lómìnira kò lè ṣàlàyé ohun tí a sọ nígbà tí a wà ní ìgbèkùn. Òǹkọ̀wé eré ní ẹ̀tọ́ láti yí ìtàn padà, ẹni tó ń wò ó ni kò gbọdọ̀ kà á sí ìwé ẹ̀rí.

Ó kan ọ̀rọ̀ àyẹ̀wò dókítà. Nils Bejerot, oníṣègùn ọpọlọ, ni olùdámọ̀ràn àwọn ọlọ́pàá nígbà ìṣẹ̀lẹ̀ náà. Òun ló fún ìwà àwọn tí wọ́n dì mú ní orúkọ, ó pè é ní àrùn Norrmalmstorg, òun ni gbogbo ayé wá ń pè ní ti Stockholm. Ṣùgbọ́n Kristin tẹnu mọ́ ọn pé Bejerot kò fìgbà kan jókòó ti òun béèrè ọ̀rọ̀. Ẹni tó wà lẹ́yìn ọlọ́pàá ni ó sọ pé obìnrin tó ń bu ẹnu àtẹ́ lu iṣẹ́ ọlọ́pàá kò mọ ohun tó ń sọ mọ́. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Bejerot kò tilẹ̀ gbọ́ ti ẹnìkan tí ọ̀rọ̀ náà kàn jù kí ó tó dá a. Orúkọ yẹn wá di ohun tí wọ́n fi dí obìnrin náà lẹ́nu: bí ó bá ní ọlọ́pàá ṣàṣìṣe, wọ́n á ní àrùn ló ń sọ̀rọ̀. Ní 2015, Kristin kọ ìwé láti fi sọ tẹnu rẹ̀. Ó ti di oníṣẹ́ ìtọ́jú ọkàn fúnra rẹ̀, kò sì gbà rí pé òun ṣàárẹ̀.

Àrùn náà ńkọ́? Kò sí nínú DSM, ìwé tí àwọn oníṣègùn ọpọlọ Amẹ́ríkà fi ń to àwọn àìsàn ọpọlọ. Ní ọdún 2008, àwọn oníṣègùn kan tú gbogbo ohun tí àwọn onímọ̀ ti kọ lórí rẹ̀ wò. Wọ́n rí i pé kò sí ìlànà tí wọ́n jọ fọwọ́ sí láti fi dá a mọ̀, àti pé ìwé ìròyìn ló sọ̀rọ̀ rẹ̀ jù. Wọ́n tún máa ń fi Patty Hearst ti ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn, ọmọ olówó Amẹ́ríkà tí wọ́n jí gbé ní 1974, tí kámẹ́rà sì ká mọ́ báńkì Hibernia ní San Francisco pẹ̀lú ìbọn lọ́wọ́, òun àti àwọn tó jí i gbé. Ohun tí àwọn agbẹjọ́rò rẹ̀ rò ní kóòtù ní 1976 ni pé wọ́n fi agbára mú un, wọ́n sì yí i lórí. Orúkọ Stockholm tí ọ̀pọ̀ ń fi pè é lónìí, lẹ́yìn ìgbà náà ni wọ́n wá fi lẹ̀ ẹ́.

Mi ò sọ pé ẹni tí ìyà ń jẹ kò lè fà mọ́ ẹni tó ń jẹ ẹ́ níyà. Ní 1981, Donald Dutton àti Susan Painter ṣàlàyé bí obìnrin tí ọkọ ń lù ṣe lè so mọ́ ọkọ náà nígbà tí agbára wà lọ́wọ́ ẹnìkan, tí lílù àti ìkẹ́ sì ń gba ipò lọ́wọ́ ara wọn. Ohun tí àwọn méjèèjì yìí wò ni ipò tí obìnrin náà wà àti ìwà ẹni tó ń lù ú. Orúkọ Stockholm yí ojú kúrò lára ẹni tó mú ìbọn, ó gbé e sí orí ẹni tí ìbọn dojú kọ, ó sì ń béèrè ohun tó ṣe orí olúwarẹ̀.

Ibi tí ó ti kàn wá nìyí. Ní oṣù kẹrin 2014, Boko Haram kó ọmọbìnrin 276 ní Chibok. Nígbà tí wọ́n tú 82 nínú wọn sílẹ̀ ní oṣù karùn-ún 2017, agbẹnusọ ààrẹ sọ pé ọ̀kan mìíràn kọ̀ láti padà, ó ní òun ti rí ọkọ. Kò sẹ́ni tó tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọmọ náà kí ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ní àrùn Stockholm ti mú un. Kò sẹ́ni tó béèrè bóyá ó ti bímọ, bóyá wọ́n fi ikú dẹ́rù bà á, tàbí bóyá ó ti gbọ́ bí àwọn ará ìlú ṣe ń ta àwọn obìnrin tó padà dé nù, tí wọ́n ń pè wọ́n ní aya Boko Haram. Bákan náà là ń ṣe fún obìnrin tí kò kúrò nílé ọkọ tó ń lù ú, láì béèrè ta ni yóò gbà á sílé, ta ni yóò san owó iléèwé ọmọ. Orúkọ náà ń gbà wá lọ́wọ́ ìbéèrè, ó sì ń gbà wá lọ́wọ́ ojúṣe.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Norrmalmstorg. Olsson fúnra rẹ̀ sọ fún Lang pé àwọn tí òun dì mú ni kò jẹ́ kí òun lè pa wọ́n, nítorí wọ́n ṣe gbogbo ohun tí òun ní kí wọ́n ṣe, àwọn sì ti mọ ara àwọn. Ohùn tútù wọn ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Nígbà tí tajútajú wọlé ní ọjọ́ 28, tí àwọn ọlọ́ṣà sì juwọ́ sílẹ̀, kò sí ẹnìkankan tó kú. Àwọn mẹ́rin náà kọ̀ láti kọ́kọ́ jáde, nítorí wọ́n bẹ̀rù pé ọlọ́pàá yóò yìnbọn pa àwọn méjì tó bá kù lẹ́yìn. Wọ́n rò ó débi pé ẹ̀mí ọ̀daràn náà kò gbọdọ̀ ṣòfò. Ẹni tó bá tún fẹ́ kọ ìwé tàbí ṣe fíìmù lórí Norrmalmstorg, kí ó jẹ́ kí àwọn mẹ́rin yìí gba ìyìn wọn: ọgbọ́n orí wọn wà lára ohun tó kó gbogbo wọn yọ.