Ọjà Kurmi àti Ìgboro Àtijọ́ Kánò

Àwọn àgbà a máa sọ pé ayé lọjà, ọ̀run nilé. Òwe náà bá ìlú Kánò mu ju ọ̀pọ̀ ìlú lọ, nítorí pé ọjà ni ó sọ Kánò di ìlú tí òkìkí rẹ̀ kàn dé etí òkun Àríwá Áfíríkà. Ẹni tí ó bá gba ọ̀kan nínú àwọn ẹnubodè àtijọ́ wọ inú odi ìlú náà lónìí, tí ó ra àpò awọ tàbí aṣọ aláró, tí ó sì lọ jókòó ti ẹran súyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, ohun tí àwọn àlejò ti ń ṣe níbẹ̀ láti nǹkan bí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọdún sẹ́yìn ni òun náà ń ṣe. Ọ̀pọ̀ ọjà tí ó lókìkí láyé ìgbà náà ni igbó ti bò mọ́lẹ̀. Ó yẹ kí a wádìí ohun tí ó mú kí Kurmi dúró, pàápàá ní àkókò yìí tí àwọn iṣẹ́ ọwọ́ tí ó gbé ọjà náà ró ti ń rẹ̀yìn díẹ̀díẹ̀.

Ìdí Òkè Dala ni Kánò ti bẹ̀rẹ̀. Ìtàn sọ pé àwọn alágbẹ̀dẹ ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀dó síbẹ̀, nítorí pé wọ́n rí òkúta tí a lè yọ́ irin lára rẹ̀. Ìwé Ìtàn Àwọn Ọba Kánò, èyí tí a fi èdè Lárúbáwá kọ, sọ pé Gijimasu, ẹni tí ó jọba láti 1095 sí 1134, ni ó bẹ̀rẹ̀ sí mọ odi yí ìlú náà ká, àwọn tí ó jẹ lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n sì parí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọba tí ó tún ìlú ṣe bí ẹni tún ilé ṣe ni Muhammadu Rumfa, tí ó wà lórí oyè láti 1463 sí 1499. Òun ni ó fẹ odi náà lójú sí i, òun ni ó kọ́ ààfin tí a ń fi orúkọ rẹ̀ pè títí di òní, òun náà ni ó sì dá ọjà Kurmi sílẹ̀ nítòsí odò Jakara. Ìtumọ̀ kurmi ní èdè Haúsá ni igbó dídí. Orúkọ náà fi hàn bí ilẹ̀ ibẹ̀ ti rí kí àwọn ọlọ́jà tó fi ẹsẹ̀ pa á. Ní ìgbà ayé Rumfa yìí kan náà ni Al-Maghili, ọ̀mọ̀wé Mùsùlùmí kan láti Àríwá Áfíríkà, wá sí Kánò, tí ó sì kọ ìwé fún ọba lórí bí olórí ṣe yẹ kí ó ṣe ìjọba. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ọjà àti ìwé ti jọ ń rìn pọ̀ ní ìlú náà.

Ọjà kò lè tóbi ju ọ̀nà tí ó wọ inú rẹ̀ lọ. Ìwé ìtàn kan náà sọ pé ní àkókò Abdullahi Burja, tí ó jọba láti 1438 sí 1452, ọ̀nà là láti Borno títí dé Gonja, ní apá àríwá ilẹ̀ tí a ń pè ní Ghana lónìí. Ọ̀nà Gonja yìí ni obì láti inú igbó Asante ń gbà dé ilẹ̀ Haúsá. Kò sí Yorùbá tí kò mọ obì náà, nítorí pé orúkọ ọ̀nà tí ó gbà wá ni a fi ń pè é: gbànja. Láti apá àríwá ni àwọn Tuareg ti ń fi ràkúnmí ru iyọ̀ Bilma wá, tí àwọn oníṣòwò Ghadames àti Tripoli sì ń kó bébà, ìlẹ̀kẹ̀ àti aṣọ olówó iyebíye la aṣálẹ̀ kọjá. Kánún ń ti agbègbè Adágún Chad bọ̀, ó sì ń gba Kánò kọjá lọ sí ilẹ̀ Nupe. Báyìí ni Kurmi ṣe di oríta tí ẹni tí ń jẹ obì àti ẹni tí ń wa iyọ̀ ti ń pàdé, bí ọ̀kan kò tilẹ̀ gbọ́ èdè èkejì.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1824, Hugh Clapperton, ọ̀gá atukọ̀ ojú omi kan láti ilẹ̀ Scotland, wọ Kánò. Ohun tí ó kọ sílẹ̀ nípa ọjà náà yẹ ní kíkà lẹ́ẹ̀kejì. Ó rí i pé ìsọ̀ ọjà kọ̀ọ̀kan ni ó ní àyè tirẹ̀, tí wọn kò da ọjà kan pọ̀ mọ́ èkejì. Olórí ọjà ni ó ń yá àwọn ènìyàn ní ìsọ̀ lóṣooṣù, owó rẹ̀ sì ń wọ àpò ìjọba. Òun náà ni ó ń fi iye lé ọjà, tí a sì ń fún un ní 50 owó ẹyọ lórí ọjà tí a bá tà ní 8,000 owó ẹyọ. Ènìyàn lè ṣírò rẹ̀ fúnra rẹ̀: owó orí náà kò tó ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ọba tí ó ń gba díẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ọlọ́jà kò ní lé wọn sá.

Òfin kan wà tí ó lágbára ju èyí lọ. Àwọn alágbàtà, tí Haúsá ń pè ní dillali, ni wọ́n ń dúró láàárín ẹni tí ń tà àti ẹni tí ń rà. Nígbà tí a bá di aṣọ, a ó kọ orúkọ alágbàtà náà sí inú ẹrù. Bí oníbàárà bá gbé ẹrù náà lọ sí Borno tàbí ibi mìíràn tí ó jìnnà láì tú u, tí ó wá tú u níbẹ̀ tí ó rí i pé aṣọ náà kò dára tó bí wọ́n ti sọ, yóò dá a padà sí Kánò. Alágbàtà tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ẹrù ni yóò wá ẹni tí ó tà á rí, òfin ìlú yóò sì mú kí onítọ̀hún dá owó padà lójú ẹsẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a rò ó wò. Ọ̀nà Borno jẹ́ ìrìn ọ̀pọ̀ ọjọ́, kò sí tẹligíráàmù, kò sí báńkì. Síbẹ̀ ẹni tí ó wà ní òdìkejì ọ̀nà náà lè fi owó rẹ̀ ra ẹrù tí a kò tú fún un, nítorí pé orúkọ ènìyàn kan wà nínú rẹ̀. Orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà. Ní Kánò, wọ́n sọ òwe yẹn di òfin ọjà.

Clapperton kò gbàgbé oúnjẹ. Nítòsí ibi tí àwọn alápatà wà, ó rí àwọn tí ń se oúnjẹ tà ní gbangba. Wọn kò ní ju iná igi lọ, tí a fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ gún yí ká, ẹran pẹlẹbẹ wẹ́wẹ́, ọ̀rá kan, ìṣù ẹran kan, ni a sì tò sára igi kọ̀ọ̀kan tí ó ń yan. Obìnrin kan a jókòó, a gbé ọmọrí tí a fi ẹní hun lé orúnkún, láti orí rẹ̀ ni ó ti ń bu oúnjẹ fún àwọn tí wọ́n lóṣòó yí i ká. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá tó o a ra omi ọkà mu sí i. Ó yin ìmọ́tótó wọn. Ta ni yóò ka èyí tí kò ní mọ̀ pé súyà ni ọkùnrin náà ń júwe? Títí di òní, ẹni tí ó bá rìn títí ebi pa á nínú ìgboro Kánò yóò rí súyà àti kílíṣí, yóò rí másà, yóò rí fùrá àti nọ́nọ̀ nínú igbá, yóò sì rí túwó tí a fi ọbẹ̀ ewé oṣè jẹ, irú èyí tí àwọn ará Ìlọrin ń pè ní lúrú.

A kò gbọdọ̀ fi oyin bo ìtàn lójú. Nínú ọjà tí òfin rẹ̀ dára tó yìí, a ń ta ènìyàn. Clapperton rí ìsọ̀ méjì, ọ̀kan fún ọkùnrin, ọ̀kan fún obìnrin, níbi tí àwọn ẹrú jókòó sí ní ìlà tí oníbàárà ń yẹ̀ wọ́n wò. Òfin tí ó ń gbèjà ẹni tí ó ra aṣọ kò gbèjà ẹni tí a tà. Lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba Kánò ní 1903 ni a fi òpin sí títa ènìyàn ní gbangba ọjà. Ẹni tí ó bá ń yin Kurmi gbọ́dọ̀ rántí àwọn tí wọ́n gba ibẹ̀ kọjá tí wọn kò padà sílé mọ́.

Ní 1851, Heinrich Barth, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, dé Kánò. Ó fojú díwọ̀n àwọn ará ìlú sí 30,000, ó sì ní láti oṣù kìn-ín-ní sí oṣù kẹrin, nígbà tí òwò bá gbóná, wọn a tó 60,000. Ó rí idà tí a rọ ní Solingen ní ilẹ̀ Jámánì, ó rí bébà tí a tẹ àmì òṣùpá mẹ́ta sí, ṣùgbọ́n aṣọ tí àwọn ará Kánò fúnra wọn hun tí wọ́n sì pa láró ni ó gba iwájú. Ó ṣírò rẹ̀ pé aṣọ tí ń ti Kánò jáde lọ́dọọdún kò dín ní 300,000,000 owó ẹyọ, bẹ́ẹ̀ ni ìdílé kan lè fi 50,000 sí 60,000 gbé ọdún kan ní ìrọ̀rùn. Ohun tí ó wú u lórí jù ni pé nínú agbo ilé ni wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ náà, tí bàbá, ìyá àti ọmọ jọ wà papọ̀, láìdàbí ilé iṣẹ́ ńláńlá ti Yúróòpù ìgbà náà.

Iṣẹ́ aró yìí yẹ kí ó jẹ Yorùbá lógún. Àwọn aláró Kofar Mata, lẹ́bàá ọ̀kan nínú àwọn ẹnubodè ìlú, sọ pé láti 1498 ni kòtò aró àwọn ti wà. Ẹ̀lú àti eérú tí wọ́n ń lò kò ṣàjèjì sí àwọn aláró Abẹ́òkúta àti Òṣogbo. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Yorùbá, nínú ìkòkò ni a ti ń rẹ aró, iṣẹ́ obìnrin ni, Ìyá Mápó sì ni òrìṣà rẹ̀. Ní Kánò, kòtò tí a gbẹ́ sínú ilẹ̀ ni, ọkùnrin ni ó sì ń ṣe é. Lẹ́yìn tí aṣọ bá ti gbẹ, a ó fi olùlù lù ú títí yóò fi máa dán. Irú aṣọ dídán bẹ́ẹ̀ ni àwọn Tuareg fẹ́ràn láti fi wé orí.

Ọkọ̀ ojú irin ni ó yí ojú ọ̀nà padà. Ó dé Kánò ní 1911, nígbà tí ó sì fi di 1912 ènìyàn lè wọ ọkọ̀ láti Èkó dé ibẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ń retí òwú, ṣùgbọ́n ẹ̀pà ni àwọn àgbẹ̀ Kánò yàn láti gbìn, nítorí pé èrè wà níbẹ̀. Àwọn ará gúúsù bá ọkọ̀ wá, a sì tẹ Sabon Gari dó fún wọn lẹ́yìn odi. Òwò tí ó ti ń kọjú sí aṣálẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ wá kọjú sí òkun. Alhassan Dantata, oníṣòwò ńlá Kánò tí ó kú ní 1955, wà lára àwọn tí wọ́n tètè rí ìyípadà náà: ó ń fi ọkọ̀ ojú omi kó obì láti Gold Coast wá sí Èkó, ó sì ń fi ọkọ̀ ojú irin gbé e lọ sí Kánò. Kò pẹ́ tí àwọn àgbẹ̀ Agẹ́gẹ́ àti ti agbègbè Abẹ́òkúta náà fi gbin gbànja, tí wọ́n ń tà á fún àwọn Haúsá. Obì tí ó ti ń rìn yíká gba Gonja wá rí ọ̀nà tààrà.

Lónìí, Kurmi ṣì ń ná. Awọ, ìlẹ̀kẹ̀, idà, aṣọ àti ìwé Kéú ṣì wà ní ìsọ̀ tóóró tóóró. Ní 1959 ìjọba kéde odi Kánò gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè, ní 2007 a sì fi orúkọ odi náà àti àwọn ibi tí ó bá a tan sínú ìwé àwọn ibi tí Nàìjíríà ń retí pé kí UNESCO tẹ́wọ́ gbà. Síbẹ̀ apá púpọ̀ nínú odi ti wó, àwọn ènìyàn ti kọ́lé sí ojú ibòmíràn. Ní Kofar Mata, ọ̀pọ̀ kòtò ni a kò rẹ aró sí mọ́. Aṣọ tí ẹ̀rọ ṣe, tí a fi àwòrán jọ ti Kánò, ń dé láti òkè òkun, owó rẹ̀ kò sì tó ìdajì wàhálà ẹni tí ó dúró ti kòtò.

Ìrẹ̀yìn yìí kò ní tán bí a bá kàn tún odi mọ kí àlejò lè ya àwòrán rẹ̀. Aláró nílò oníbàárà, oníbàárà sì nílò ìdánilójú pé aṣọ tí òun san owó gọbọi lé lórí ti inú kòtò jáde ní tòótọ́. Kánò ti rí ojútùú ọ̀ràn yẹn kí Clapperton tó dé. Bí àwọn aláró àti àwọn aláwọ bá tún bẹ̀rẹ̀ sí kọ orúkọ ara wọn sí inú ẹrù, tí olórí ọjà sì ń mú ẹni tí ó bá tan oníbàárà jẹ kí ó dá owó padà, ayédèrú yóò rí ohun tí yóò dá a mọ̀ yàtọ̀ sí ojúlówó. Kò ná ìjọba ní owó púpọ̀. Ohun tí ó ń béèrè ni kí ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ má bẹ̀rù láti jẹ́ kí a mọ̀ pé òun ni ó ṣe é.