Bí Àmì Yorùbá Ṣe Dé Orí Ìkànnì Ayélujára

Nígbà tí àwọn òǹtẹ̀wé ìjọ C.M.S. ń tẹ ìwé Yorùbá jáde ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, òjé ni wọ́n fi ń ṣe lẹ́tà. Bí lẹ́tà kan kò bá sí nínú àpótí wọn, wọ́n lè rán iṣẹ́ sí ẹni tí ń rọ lẹ́tà pé kí ó rọ ọ́. Ìpàdé tí wọ́n ṣe ní Èkó ní oṣù Kínní ọdún 1875 fi ìdí ìlànà ìkọ̀wé kan múlẹ̀, nínú èyí tí ẹ, ọ àti ṣ ní àmì tiwọn lábẹ́. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwé tí ó jáde lẹ́yìn náà, àmì abẹ́ lẹ́tà wà, ṣùgbọ́n àmì ohùn kò tó nǹkan. Òǹkàwé ni ó ń fi làákàyè wá ohùn fún ara rẹ̀. Nígbà tí ayélujára dé, ọ̀rọ̀ náà yí padà bìrí: àmì ohùn wà nílẹ̀, àmì abẹ́ lẹ́tà ni kò sí.

Bí ó ṣe rí bẹ́ẹ̀ kò ṣòro láti ṣàlàyé. Ní oṣù Kẹta ọdún 1989 ni Tim Berners-Lee, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí CERN ní ẹ̀gbẹ́ ìlú Geneva, kọ àbá rẹ̀ sílẹ̀. Ìkànnì kìíní ti ń ṣiṣẹ́ ní òpin ọdún 1990. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1991 ó kéde iṣẹ́ náà fún àwọn ará ìta. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin ọdún 1993, CERN yọ̀ǹda rẹ̀ fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn onímọ̀ físíìsì ni ó kọ́kọ́ ṣe é fún, kí ìwé ọ̀kan lè tọ́ka sí ìwé èkejì láìsí wàhálà. Àpótí lẹ́tà tí wọ́n mú lò ni èyí tí a ń pè ní ISO 8859-1, tí kò ní ju ààyè 256 lọ. À, á, è, é, ì, í, ò, ó, ù àti ú wà nínú rẹ̀, nítorí pé àwọn ará Faransé, ará Ítálì àti ará Pọtogí nílò wọn. Kò sí ẹni tí ó rántí ẹ, ọ àti ṣ. Ń àti ǹ pẹ̀lú kò sí níbẹ̀.

Kí ni àwọn tí ó fẹ́ kọ Yorùbá yóò ṣe? Àwọn kan kọ e àti o lásán, wọ́n sì fi òye sílẹ̀ fún òǹkàwé. Àwọn kan fa ìlà sábẹ́ lẹ́tà dípò àmì. Àwọn kan ya àwòrán ọ̀rọ̀, wọ́n sì gbé àwòrán náà sórí ìkànnì. Ó dára lójú, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí ń ka ìwé sétí afọ́jú kò rí nǹkan kan kà nínú rẹ̀. Àwọn mìíràn ṣe fọ́ǹtì tiwọn: wọ́n yọ àmì kan tí Yorùbá kò lò kúrò ní ààyè rẹ̀, wọ́n sì fi ẹ tàbí ọ jókòó síbẹ̀. Ọgbọ́n yìí ni ó dà bí ọgbọ́n jù lọ, òun náà ni ó sì burú jù lọ, nítorí pé ẹni tí kò bá ní fọ́ǹtì náà nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀ yóò rí wótòwótò ni.

Ìrànlọ́wọ́ wá láti ibi tí ẹnikẹ́ni kò fojú sí. Ẹ̀dà kìíní Unicode, tí ó gbìyànjú láti fún gbogbo lẹ́tà ayé ní nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, jáde ní ọdún 1991. Ní ọdún 1992, Ken Thompson àti Rob Pike gbé ètò UTF-8 kalẹ̀. Orí bébà tí wọ́n tẹ́ sórí tábìlì ilé oúnjẹ kan ní New Jersey ni wọ́n ti kọ́kọ́ ya á. Ní ọdún 1993, ẹ àti ọ wọ inú Unicode. Kì í ṣe nítorí Yorùbá: èdè Vietnam ni ó nílò wọn. Ní ti ṣ, àwọn ọ̀mọ̀wé tí ń fi lẹ́tà Róòmù kọ ọ̀rọ̀ Lárúbáwá àti ti Íńdíà ni wọ́n mú un wá. Nígbà tí HTML 4.0 sì gba àpótí ńlá yìí wọlé ní oṣù Kejìlá ọdún 1997, ilẹ̀kùn ṣí.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn náà kò ṣí tán. Ẹ ní nọ́ńbà kan. Ẹ́ kò ní. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ ẹ́ yóò fi àmì ohùn lé ẹ lórí, tàbí kí ó mú é, kí ó fi àmì sí i lábẹ́, tàbí kí ó to e, àmì abẹ́ àti àmì ohùn jọ ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Lójú ènìyàn, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Lójú kọ̀ǹpútà tí wọn kò kọ́ bí yóò ṣe so wọ́n pọ̀, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ìgbìmọ̀ Unicode sì ti pinnu pé àwọn kò ní fi irú lẹ́tà alámì bẹ́ẹ̀ kún èyí tí ó wà mọ́. Bí olùkọ́ kan bá kọ ẹ̀kọ́ lórí ọkọ́ tí àgbẹ̀ fi ń ro oko, tí akẹ́kọ̀ọ́ sì fi ọ̀nà kejì tẹ ọkọ́ nígbà tí ó ń wá a, ó ṣeé ṣe kí wọ́n má pàdé láéláé. Bí olùkọ́ náà bá sì torí ìyẹn pa àmì tì, ọkọ obìnrin, ọkọ́ àgbẹ̀, ọkọ̀ ojú omi àti ọ̀kọ̀ ọdẹ di ohun kan náà lójú ìwé rẹ̀. Nítorí náà ni àwọn tí ó mọ iṣẹ́ yìí fi máa ń yí gbogbo ọ̀rọ̀ ìkànnì wọn sí ẹyọ ìlànà kan, èyí tí wọ́n ń pè ní NFC, kí wọ́n tó gbé e jáde, tí wọ́n sì máa ń kọ "yo" sí orí ojú-ìwé, kí ẹ̀rọ lè mọ̀ pé Yorùbá ni òun ń kà.

Ohun kékeré kan tún wà tí ó ti ba iṣẹ́ púpọ̀ jẹ́. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ tí ó bá jẹ́ líǹkì. Fún èdè Gẹ̀ẹ́sì, kò sí aburú níbẹ̀. Fún Yorùbá, ìlà yìí gba orí àmì abẹ́ ẹ, ọ àti ṣ kọjá, ó sì bò ó mọ́lẹ̀, tí "ọjọ́" fi dà bí "ojó". Bí ìlà ọ̀rọ̀ bá tún fún pọ̀ jù, àmì ohùn tí ń bẹ lórí lẹ́tà ńlá ní ìlà kejì yóò forí gbá àmì abẹ́ ti ìlà kìíní. Ẹni tí ń ṣètò ojú-ìwé Yorùbá gbọ́dọ̀ sún ìlà líǹkì sísàlẹ̀, kí ó sì fi àyè sílẹ̀ láàrin ìlà ju bí àwọn ìwé ìtọ́nisọ́nà Gẹ̀ẹ́sì ti sọ lọ.

Ní ti ọ̀nà ìkọ̀wé fúnra rẹ̀, ọdún 1997 ni John Morkes àti Jakob Nielsen tẹ ìwádìí wọn jáde ní Amẹ́ríkà. Nínú àwọn tí wọ́n dán wò, ìdá 79 nínú 100 ni kò ka ojú-ìwé tuntun tán. Ṣe ni wọ́n ń fi ojú gbá a. Ìdá 16 péré ni ó ka ọ̀rọ̀ tẹ̀lé ọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n gé ìwé náà kúrú, tí wọ́n là á sí ìsọ̀rí tí ojú tètè ń rí, tí wọ́n sì yọ ọ̀rọ̀ ìpolówó kúrò nínú rẹ̀, ìwúlò rẹ̀ fi ìdá 124 nínú 100 lé sí i. Ìmọ̀ràn tí ó ti ibẹ̀ jáde ni pé kí òǹkọ̀wé fi ìdáhùn ṣíwájú, kí àlàyé tẹ̀lé e. Èyí lòdì sí àṣà ẹni tí yóò kí ilé kí ọ̀nà, tí yóò pa òwe méjì, kí ó tó sọ ohun tí ó bá wá. Ẹni tí ń wá wákàtí tí ilé ìwòsàn ń ṣílẹ̀kùn kò ní sùúrù fún òwe, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó wá ka ìtàn ìlú rẹ̀ kò bínú sí òwe rí. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi dán àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn wò, ìwé aláwòmọ́ ni wọ́n sì fi síwájú wọn, kì í ṣe ìtàn.

Ẹ̀dà Ìwé Ìròyìn tí Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1859 ṣì wà nínú àpamọ́, ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ Yorùbá lè kà á. Àwọn ojú-ìwé Yorùbá tí wọ́n fi fọ́ǹtì àdáni kọ kí ọdún 2000 tó dé, tí fọ́ǹtì wọn sì ti sọnù, kò tíì tó àádọ́ta ọdún. Wọ́n ṣì ń ṣí lórí kọ̀ǹpútà. Wótòwótò ni ó kù níbẹ̀.